Kí ni iṣẹ́ ọnà àti bí ojú ṣe ń ríran fi kún àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà?

Ojú ènìyàn kì í wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì tó fara kan ara wọn ni ó ń wá. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ mọ èyí, nítorí wọn kì í fín gbogbo ohun tó wà lára ẹranko, bí kò ṣe ìlà díẹ̀ tó fi ìrísí rẹ̀ hàn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fi abala pẹlẹbẹ kéékèèké to nǹkan roboto, a máa ń rí bí ìlà níbi tí wọ́n ti pàdé, bí kò tilẹ̀ sí ìlà níbẹ̀. Ernst Mach, onímọ̀ físíìsì, ti ṣàlàyé irú ìtànjẹ ojú yìí ní 1865. Láti dín in kù ni Henri Gouraud, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi gbé ọ̀nà kan jáde ní 1971, tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé èkejì.

Ti àwọ̀ ni ó wù mí jù. Ó pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ti ń fi àwọ̀ ìyeyè kun ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ aró kun ibi òjìji. Ní 1998, Amy Gooch àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìṣirò fún àwòrán ẹ̀yà ẹ̀rọ, kí ìlà dúdú etí rẹ̀ má baà sọnù sínú òkùnkùn. Fáìlì JPEG pàápàá, tí a fi ń tọ́jú fọ́tò, sábà máa ń dín kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀ kù ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ, ojú wa kì í sì í fura.