Ìdáhùn sí ẹni tó béèrè nípa ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù láàrin àwọn Júù àtijọ́

Àbúrò, o ní ìwé wo ni kí o kọ́kọ́ kà láti mọ̀ bóyá àwọn Júù àtijọ́ gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ni wọ́n ń bí ènìyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ọjọ́ kejì ìkómọ ni àkọ́bí wa kú. Àga tí a háyà ṣì wà lójúde, a kò sì tíì ṣe ìrìbọmi fún un. Àlùfáà tó wá kí wa kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù wà lọ́rùn ọmọ náà, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé àwọn Júù wí. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti inú yàrá. Odindi ọdún méjì ni kò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀lù ọmọ náà kò sì kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ohun tó sọ mí di òǹkàwé nìyẹn.

Jẹ́nẹ́sísì 6:5 àti 8:21 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò le. Ohun tí Bíbélì wa pè ní "ìrò ọkàn" níbẹ̀, yetzer ni lédè Hébérù. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, ní ìrò búburú wà nínú ènìyàn, ìrò rere náà sì wà. Ṣùgbọ́n ìrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀! Wọ́n sọ nínú Genesis Rabbah, ìwé àlàyé wọn lórí Jẹ́nẹ́sísì, pé bí kò bá sí ìrò búburú yẹn, ènìyàn kò ní kọ́lé, kò ní gbéyàwó, kò ní bímọ. Mo bi àlùfáà náà ní èyí lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní kí n lọ gbàdúrà.

Má gbára lé Sáàmù 51 nìkan o, níbi tí akọrin ti ní inú ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyá òun lóyún òun. Má sì gbà fún olùkọ́ tó bá ní ohùn kan ṣoṣo ni àwọn Júù fi sọ̀rọ̀. Ìwé Énọ́kù, ìwé Júù àtijọ́ kan, di ẹ̀bi púpọ̀ ru àwọn áńgẹ́lì tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn obìnrin. Ben Sira, ọlọ́gbọ́n Júù kan tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú Kristi, ní Ọlọ́run fi ènìyàn lé ọwọ́ ìrò ara rẹ̀, bó bá fẹ́, ó lè pa òfin mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù sun Tẹ́ḿpìlì lọ́dún 70, 4 Ezra, ìwé Júù mìíràn, ké sí Ádámù pé kí ló ṣe yìí, ìṣubú rẹ̀ ti kan gbogbo wa. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí mo bá pàdé máa ń dúró sí. Wọn kì í ka 2 Baruch, tí wọ́n kọ lásìkò kan náà, tẹ̀ lé e. Orí 54 rẹ̀ ní Ádámù kó bá ara rẹ̀ nìkan ni, pé oníkálukú wa ni Ádámù ara rẹ̀.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ tí mo ka ìlà yẹn sí i létí. Ó gbé ọpọ́n sílẹ̀, ó ní kí n tún un kà.