Kí Ló Dé Tí Ojú Tí Mo Yà Ń Rí Bí Eérú?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀dà olóròóró ni mo fi ń ya ojú èèyàn. Bí mo bá po dúdú mọ́ funfun láti fi ya awọ èèyàn dúdú, ńṣe ló ń dà bí ẹni tí wọ́n bu eérú lù. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú ni Amy Sherald ará Amẹ́ríkà fi ń ya tirẹ̀, ó sì ń rẹwà. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Funfun ló fà á. Ivory black, ìyẹn ọ̀dà dúdú inú túùbù, ní búlúù díẹ̀ nínú. Tí titanium white, ìyẹn ọ̀dà funfun, bá ti kàn án, búlúù yẹn á yọ síta, ojú á sì tutù bí òkú. Ẹ gbé dúdú inú túùbù tì ná. Ẹ po burnt umber (ọ̀dà búráùn) ìdá méjì mọ́ ultramarine (ọ̀dà búlúù) ìdá kan. Bó bá fà sí búlúù jù, ẹ fi umber kún un. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ kó mọ́lẹ̀, yellow ochre (yẹ́lò bí amọ̀) àti pupa díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Funfun, ó di orí imú àti òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tó ti ń dán gan-an. Ara èèyàn ni kí ẹ sì máa wò, ẹ má wo fọ́tò, torí fóònù máa ń sọ gbogbo òjìji di dúdú kan ṣoṣo.

Ti Sherald yàtọ̀. Dúdú àti Naples yellow ló ń pò, yẹ́lò yẹn ni kì í jẹ́ kó tutù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọ̀ ara kúrò ni, kó má baà jẹ́ òun lojú yín á kọ́kọ́ bà. Nínú àwòrán Michelle Obama tó yà, tí wọ́n ṣí ní Washington lọ́dún 2018, aṣọ àti búlúù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pariwo. Ara rọra dákẹ́ ní tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí ẹni tó ń fi dúdú gidi ya awọ ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Láti 1980 ni Kerry James Marshall, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é. Nínú àwòrán kékeré kan tó yà lọ́dún yẹn, dúdú ló gbé lé dúdú: funfun ojú, eyín àti ẹ̀wù nìkan lẹ kọ́kọ́ máa rí. Nígbà tó yá, ó ń lo oríṣi dúdú mẹ́ta, ivory, carbon àti Mars, ó sì ń fi búlúù, gíríìnì tàbí àlùkò díẹ̀ sí wọn kí wọ́n má baà jọra.

Ẹ ṣọ́ra níbí o: ivory black ń pẹ́ kó tó gbẹ, umber kì í pẹ́. Tí ẹ bá tẹ́ ivory black nípọn sísàlẹ̀, tí ẹ fi umber lé e, ti òkè á gbẹ nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn, àwòrán á sì lanu bí ògiri. Acrylic, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, kò ní wàhálà yìí, àmọ́ ó máa ń ṣú sí i bó bá gbẹ.

Ìbéèrè: Bírò ńkọ́?

Ìdáhùn: Bírò ni ayàwòrán Toyin Ojih Odutola, tí wọ́n bí ní Ifẹ̀ lọ́dún 1985, fi gbayì. Ẹ rọra bẹ̀rẹ̀, torí kò ṣeé pa rẹ́. Ẹ máa fa ìlà lé ìlà, kí ẹ máa yí ọwọ́ padà bí iṣan ara ṣe yí. Ibi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ léraléra á máa kọ mànà bí irin. Ẹ máa nu ẹnu bírò, kó má baà kán àmì dúdú sójú àwòrán. Ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọ̀. Aró bírò ń ṣá.