Ẹ má ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nù nítorí iṣẹ́ àkànṣe

Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ (kí olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì kọ́ni) tì pátápátá, kí ẹ máa fi iṣẹ́ àkànṣe (iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́) nìkan kọ́ àwọn 60 akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí tó.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró níwájú pátákó tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń há a sórí, wọ́n ń yege. Àfi ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó gba máàkì jù gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, tó ní òun fẹ́ kọ ètò kékeré kan, òun ò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo gbé iṣẹ́ fún wọn, mo panu mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n kó wá wú mi lórí. Ìgbà tí mo wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni àṣírí tú. Ẹni tó ti mọ ètò kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ kọ. Ẹni tó mọ̀wé kọ ló kọ àlàyé. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ló sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Ẹnì kẹrin kàn ń tẹ̀ lé wọn kiri ni. Ohun tí kálukú mọ̀ bọ̀ náà ló mọ̀ lọ. Àwọn tí mo tìtorí wọn yí ọ̀nà ìkọ́ni padà gan-an ló pàdánù jù. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wò mí lójú, ó ní, "Ẹ ò kọ́ wa, sà." Òótọ́ ló sọ.

Yunifásítì Aalborg ní Dẹ́ńmáàkì pàápàá, tó ti ń fi iṣẹ́ àkànṣe kọ́ni láti 1974, kò pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tì. Bí ìdajì iṣẹ́ sáà kan ni iṣẹ́ àkànṣe, ìdajì yòókù jẹ́ ti kíláàsì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní olùtọ́sọ́nà tirẹ̀.

Ní báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, pẹ̀lú iṣẹ́ kéékèèké tí kálukú ń dá ṣe. Iṣẹ́ àkànṣe ló kàn. Mo ń jókòó ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀, èmi ni mo sì ń yan ẹni tó máa dáhùn. Ìdajì máàkì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Fún ìdajì tó kù, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣí ètò náà níwájú mi, màá ní kó yí ìlà kan padà, yóò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ó ń gba àkókò. Ẹgbẹ́ 15 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiyín yóò jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá ní olùrànlọ́wọ́, iṣẹ́ àkànṣe kékeré kan ṣoṣo, ní ìparí sáà, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.