Màmá wa wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí ní ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Kí ni kò ní jẹ́ kí òtútù àyà mú wọn?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Itọ́ ẹnu ni ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Rọ́bà tó wà ní ọ̀fun wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lè wúkọ́ dáadáa, itọ́ tó ní kòkòrò á wá máa jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Tí wọ́n bá ti wà lórí ẹ̀rọ ju wákàtí 48 lọ, ewu náà ti dé nìyẹn.

Ìdí rèé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní ìwọ̀n dígírì 30 sí 45. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ torí pé ọrùn màmá dà bíi pé ó wọ́. Ẹ pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín wọn, wọ́n sì ń fa itọ́ jáde. Lójú tèmi, èyí tó jù ni kí wọ́n tètè kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ bi dókítà léèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti lè dín oògùn oorun kù, kí wọ́n wò ó bóyá màmá lè dá mí.

Tiyín ni ọwọ́ fífọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n àti lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ibà bá dé, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki, tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n nílò sì ń pọ̀ sí i, wọ́n á mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò láìdúró de èsì. Èsì yẹn ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá kí wọ́n pààrọ̀ oògùn náà. Lílo oògùn náà fún ọjọ́ 7 ló sábà máa ń tó.