Yàtọ̀ sí Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè mélòó ni Peter Rufai, aṣọ́lé Super Eagles nígbà kan, ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?

Márùn-ún ni: Bẹ̀nẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì, Pọtogí àti Sípéènì.

Dragons de l'Ouémé ní Bẹ̀nẹ̀ ni ọmọ ọba Ìdímù yìí kọ́kọ́ lọ, kó tó dé Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1987, lẹ́yìn náà Beveren. Ó ṣe sáà kan ní Go Ahead Eagles ti Nẹ́dálándì. Farense ní Pọtogí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yọ jù: ní 1994/95, ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe, wọ́n sì rí àyè nínú ìdíje UEFA nígbà àkọ́kọ́. Ní Deportivo ti Sípéènì, lẹ́yìn Hércules níbẹ̀ kan náà, ẹ̀yìn Jacques Songo'o, aṣọ́lé ọmọ Kamẹrúùnù, ló sábà ń jókòó sí. Gil Vicente ní Pọtogí ló fi kádìí ẹ̀.

Ti Super Eagles yàtọ̀ sí èyí; ibẹ̀ ló ti gbá pẹnáretì wọlé Ẹtiópíà ní 1993.