Ẹ má tíì da oògùn sómi torí ìṣáwùrú

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní àwọn ọmọ òun ń tọ ẹ̀jẹ̀, tó wá fẹ́ da oògùn sí odò ẹ̀yìn oko rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí gbogbo ìṣáwùrú ibẹ̀ lè kú: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Mo ti ṣe é rí, ó ń dùn mí títí dòní.

Àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀, tí kòkòrò tó ń gbé inú ìṣáwùrú ń fà, mú èmi náà. Inú bí mi, mo po sọ́féètì kọ́pà, èyí tí àwọn olóko kòkó máa ń lò, mo dà á sómi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹja wẹ́wẹ́ ti léfòó. Àwọn ẹ̀dá omi tí karahun wọn jẹ́ aláwẹ́ méjì, tó máa ń rì mọ́ iyanrìn, ti lanu sílẹ̀, wọ́n ti kú. Àwọn yẹn ló ń bá wa sẹ́ omi! Wọn ò tíì padà, nítorí ọmọ wọn ní láti kọ́kọ́ so mọ́ ara ẹja kó tó lè dá gbé, mo sì ti pa ẹja.

Ìṣáwùrú tí mo torí ẹ̀ da oògùn ńkọ́? Òun ló kọ́kọ́ padà dé. Bulinus ni wọ́n ń pè é. Takọ-tabo ni, ẹyọ kan ṣoṣo lè dá bímọ kún odò. Bómi bá gbẹ, á wọnú ẹrẹ̀ lọ sùn di ìgbà òjò.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ẹ fi ṣíbí bù ú, ẹ má ti ọwọ́ lásán bọmi. Ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹnu Bulinus á bọ́ sọ́wọ́ òsì yín. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà o, torí ẹnu Lanistes, ìṣáwùrú mìíràn tó tóbi yẹn, náà wà lósì, mo sì ti ṣa ọ̀pọ̀ rẹ̀ dànù láìṣẹ̀. Ìdérí ni kí ẹ wò: Lanistes ní èyí tó fi ń ti ilé rẹ̀, Bulinus ò ní. Melanoides, ìṣáwùrú tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, náà ní ìdérí, kò sì lọ́wọ́ nínú àtọ̀sí ajá.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé gbogbo ilé wa lọ gba Praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá, ní ọsibítù, a sì fòfin de títọ̀ sódò. Inú ìtọ̀ ni ẹyin kòkòrò náà ti ń bọ́ sómi, kó tó pa, kó tó wọnú ìṣáwùrú lọ di púpọ̀. Mo tún ń fa ọ̀ṣíbàtà àti koríko omi kúrò, torí ara wọn ni Bulinus ń yé sí. Ọ̀sán gangan ni kòkòrò náà máa ń tú jáde lára ìṣáwùrú jù, láti wọ ara ẹni tó bá wọ omi, nítorí náà ìdájí ni mo máa ń lọ, tèmi ti bàtà òjò.