Ṣé bíríkì amọ̀ sàn ju búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì lọ fún ìlera àti àyíká?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọn ò sun níná. Wọ́n á po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, bí ìdá 5 sí 10 nínú 100, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi le. Kò gba igi ìdáná kankan. Ní ti sìmẹ́ǹtì, ó dìgbà tí wọ́n bá sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó 1,450°C, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì tún ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́. Ògiri amọ̀ kì í tètè gbóná lọ́sàn-án, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin inú yàrá mọ́ra. Òjò ni olórí ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa.

Ní ti ìlera, ohun tó ká mi lára jù ni asbestos, òkúta oní-fọ́nrán tí wọ́n máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì fi ṣe òrùlé, tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má sì fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó 30 ọdún kó tó fara hàn. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹni tó mọṣẹ́ náà tú u.